Àárín kọ́kọ́rọ́ méjì

Ìṣísẹ̀ 11 ló wà láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi dé ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ nínú ilé tí a tà. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń kà á lóru, wúyẹ́wúyẹ́, ọwọ́ òsì lára ògiri: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Tí wọ́n bá ka méje, ọwọ́ wọn á kan igun kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á yà díẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n á wá ka mẹ́rin tó kù. Ojú wọn ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi pinnu láti ta ilé náà, iye tí a máa tà á ni gbogbo ènìyàn ń bi wá. Ẹ̀gbọ́n mi bi wá, àwọn ọ̀rẹ́ bi wá, ajẹ́ńtì náà ò sọ ohun mìíràn ju iye owó lọ. Kò sẹ́ni tó bi wá pé ọjọ́ wo. Ọjọ́ yẹn gan-an ló wá gba oorun lójú wa fún bí oṣù méje.

Ìdí tí a fi tà á kò gùn. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ọkọ mi ti dín kù, ẹ̀yáwó báǹkì tó wà lórí ilé náà ti wúwo ju owó tó ń wọlé lọ. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà sì ti di ohun ìbẹ̀rù fún màmá mi. Wọn ò jáde mọ́ àfi tí ẹnì kan bá dì wọ́n lápá mú. A ní ká tà á, ká san gbèsè, ká yá ilé gbé fún ọdún kan tàbí méjì, kí ọkàn wa balẹ̀ ká tó mọ ibi tí a ó tún fìdí kalẹ̀ sí. Tí ènìyàn bá sọ ọ́ báyìí, ó rọrùn létí.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé aago tí ọjà ilé títà ń tẹ̀ lé yàtọ̀ sí ti ọjà ilé yíyá.

Ẹni tó fẹ́ ra ilé á wá wò ó, á lọ rò ó, á padà wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, á wá dá iye kan. Bí ẹ bá gbà á, ìrìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Báǹkì rẹ̀ á rán ẹni tó ń díye lé ilé wá. Ẹlòmíràn á wá yẹ òrùlé, ògiri àti páìpù wò. Lọ́yà rẹ̀ á tú ìwé ilé yín dé ìdí, kó lè dá a lójú pé ẹ̀yin lẹ ni ín, pé kò sí ẹjọ́ tàbí gbèsè tó ṣẹ́ kù sí i lára. Lọ́yà tiyín náà á kọ̀wé sí báǹkì yín pé kí wọ́n sọ iye tó kù gan-an títí di ọjọ́ tí ẹ máa san án tán, torí ojoojúmọ́ ni èlé ń gùn ún. (Ẹ bi báǹkì náà bóyá wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá san ẹ̀yáwó tán ṣáájú ọjọ́. Àwọn kan máa ń gbà á, ó sì lè jẹ́ pé ìyàtọ̀ oṣù kan péré ló máa mú un kúrò.) Ọ̀sẹ̀ á di oṣù, oṣù á di oṣù méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lè sọ ọjọ́ tó máa parí fún yín.

Ilé yíyá kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé kì í jáde sójú ọjà títí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ á fi sọ fún onílé pé òun ń kó lọ, ìyẹn sì lè má ju oṣù kan tàbí méjì ṣáájú. Onílé ò sì fẹ́ kó ṣófo, torí owó ọjọ́ tí ilé bá fi ṣófo ti lọ nìyẹn, kò sí bó ṣe lè padà rí i gbà. Ilé tí ẹ máa gbé ní oṣù mẹ́rin sí òní, ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀ báyìí, ó ń sùn níbẹ̀, kò tíì mọ̀ pé òun máa kó. Bó ti wù kí ẹ wá a tó, ẹ ò lè rí i.

Mo fi oṣù mẹ́ta gbáko wá a ná. Kí ilé wa tó rí ẹnì kankan tó fẹ́ rà á ni mo ti ń wo ilé káàkiri. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà mo rí ọ̀kan tí mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilé màmá mi nìyí: ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, kò sí àtẹ̀gùn kankan, balùwẹ̀ sì kọjú sí yàrá. Ìyá onílé náà mú mi káàkiri pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ wọlé. Mo ní tí a bá ti ta tiwa. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. Wọ́n ní, “Ẹ má bínú, mi ò lè fi ilé dúró de ilé.” Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sunkún dáadáa kí n tó lè wà á lọ sílé.

Wọn ò jẹ̀bi. Mo ti rò ó sọ́tùn-ún sósì látìgbà náà, n ò rí ohun tí wọ́n ṣe tí kò tọ́. Èmi ni mo mú ìfẹ́ wá sí ibi tó jẹ́ pé ọjọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Àmọ́ ìwákiri oṣù mẹ́ta yẹn ní èrè kan tí mi ò rí nígbà náà: mo mọ ohun tí àwọn onílé máa ń bi ènìyàn. Wọ́n fẹ́ rí ẹ̀rí owó oṣù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í fẹ́ kí owó ilé ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún yín lọ. Wọ́n fẹ́ oṣù àkọ́kọ́ lówó, wọ́n tún fẹ́ owó kan tí wọ́n á dì mú nítorí ìbàjẹ́. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ onílé tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ẹ kì í jẹ owó, pé ẹ kì í jà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dá mi dúró. A ti wà nínú ilé tara wa fún ọdún 16. Onílé wo ló máa jẹ́rìí wa? Ilé iṣẹ́ ajẹ́ńtì kan tilẹ̀ dá fọ́ọ̀mù wa padà nítorí a fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Báǹkì ló yọ wá níkẹyìn. Mo ní kí wọ́n tẹ gbogbo bí a ṣe ń san ẹ̀yáwó náà jáde, oṣù dé oṣù, mo sì fi síwájú fáìlì. Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ilé tara rẹ̀, kó tètè gba ìwé yìí sílẹ̀. Báǹkì kì í fi bẹ́ẹ̀ yára.

Ohun kejì tí mo kọ́ ni pé owó ilé tí ẹ fẹ́ tà kì í ṣe owó. Inú ògiri ló wà. Kò sí onílé tó máa gba ògiri gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀. Kí ilé tó kúrò lọ́wọ́ yín lẹ máa san owó ilé tuntun, owó ìbàjẹ́ àti owó akẹ́rù, láti inú ohun tó wà nílẹ̀. A ta ọkọ̀ wa kejì nítorí èyí, a sì ti owó náà mọ́ ibì kan tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ti ní tètè dé e. Àárín wa ò gún fún ọ̀sẹ̀ kan lórí ọkọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí n lè sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni” ní ọjọ́ tí ó kàn mí láti sọ ọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dá iye sí ilé wa dá a dáadáa. Ajẹ́ńtì ní kí a lọ wá ilé, ó ti parí. Mo ti gbé báàgì mi. Ọkọ mi ló dá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ṣé wọ́n ti buwọ́ lùwé?” Wọn ò tíì buwọ́ lùwé. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹni náà kúrò nínú ọ̀rọ̀, torí òun náà ń ta ilé tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra tirẹ̀ sì ti yẹ̀. Bí mo bá ti lọ buwọ́ lu ìwé ilé àyágbé ọlọ́dún kan lọ́jọ́ yẹn, à bá máa san ẹ̀yáwó báǹkì àti owó ilé pa pọ̀ fún oṣù mélòó kan, láti inú owó oṣù tí kò tó ọ̀kan tẹ́lẹ̀.

Nínú gbogbo ilé títà, ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń di dandan. Ní àwọn ibì kan, ìgbà tí ẹ bá ti buwọ́ lu iye tí ẹ fẹnu kò sí ni. Ní ibòmíràn, títí àwọn lọ́yà méjèèjì á fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn, ẹnikẹ́ni lè dìde kó lọ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ bi lọ́yà yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, kó sì dáhùn rẹ̀ lọ́rọ̀ tó yé yín: láti ọjọ́ wo ni ẹni tó bá yẹ àdéhùn yóò ti máa san nǹkan? Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ wo ilé, ẹ béèrè, ẹ ṣètò ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ sáré. Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, àmọ́ ẹni tó ń ta ilé tó tún ń wá ilé ò rí ọ̀kan fi sílẹ̀ nínú méjèèjì. Kó ṣáà ti mọ èyí tó kọ́kọ́ yẹ kó wọ pàkúté.

Kàlẹ́ńdà kan wà lára fíríìjì wa nígbà náà. Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ ọ́, torí mo mọ̀ pé mo máa pa á rẹ́. Mo kọ “kó jáde” sí ọjọ́ kan, mo pa á rẹ́, mo gbé e lọ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún pa á rẹ́. Ní ìparí oṣù karùn-ún, ojú ibì kan lára bébà náà ti tín-ín-rín débi pé bí oòrùn bá yọ lójú fèrèsé, mo ń rí nọ́ńbà oṣù tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bi wá léèrè pé kí ló dé tí a ò kàn tà á, ká wọ ilé olóṣù kúkúrú kan fún ìgbà díẹ̀, ká máa wá ilé pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Fún ẹlòmíràn, ìmọ̀ràn rere ni. Ẹni tó dá wà, tó lè kó ẹrù rẹ̀ sí ibi ìkẹ́rùsí kó lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, kò yẹ kó máa pàdánù olùrà tó dáa nítorí ọjọ́. Ṣùgbọ́n tiwa, ìyẹn túmọ̀ sí pé màmá mi á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ rìn nínú ilé kan, wọ́n á sì tún kọ́ ti òmíràn láàárín oṣù méjì. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan rí ní ilé ẹ̀gbọ́n mi, ní òru àkọ́kọ́ tí wọ́n sùn níbẹ̀, torí apá òsì ni wọ́n gbà. Mo ti búra fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ó kó.

Èyí ló jẹ́ kí n jókòó ṣírò. Bí ilé àyágbé bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ilé àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ yín, ohun tó bá yín lọ ni owó ilé ìdajì oṣù àti èlé báǹkì ọjọ́ 14. Bó bá jẹ́ pé ilé àtijọ́ ló kọ́kọ́ lọ, tí ẹ ò ní ibi tí ẹ ń kó sí, ẹ ó san owó akẹ́rù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó san owó ibi ìkẹ́rùsí, ẹ ó sì san owó ilé olóṣù kúkúrú, tí owó ọjọ́ kan rẹ̀ máa ń ju ti ilé ọlọ́dún lọ dáadáa. Ká má tíì wá sọ ti ohun tó máa fọ́. Nígbà tí mo kọ ọ́ sí ìlà méjì lórí bébà, ọkọ mi wò ó, ó ní, “Àṣé ọjọ́ la ń rà.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjọ́ bí ẹni ń ná owó.

Tọkọtaya kan tí wọ́n ń retí ọmọ àkọ́kọ́ wọn ló wá lẹ́yìn náà. Iye tí wọ́n dá kéré díẹ̀ sí ti ẹni ìṣáájú. Dípò ká ní kí wọ́n fi owó kún un, a ní kí wọ́n fi ọjọ́ kún un. A béèrè pé kí ọjọ́ tí a máa fa ilé lé wọn lọ́wọ́ jìn díẹ̀, kí a sì lè dúró nínú ilé náà gẹ́gẹ́ bí ayálégbé wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó bá ti di tiwọn. Wọ́n kọ́kọ́ lọ́ra. Báǹkì tó yá wọn lówó ń retí pé àwọn fúnra wọn ni yóò gbé ibẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n á fi gba owó ilé. Iye èlé tí báǹkì ṣèlérí fún wọn náà ní ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn náà ń sá fún kàlẹ́ńdà tiwọn. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ní kí ọmọ òun má ṣáà dé bá páálí nílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fẹnu kò sí yìí, lọ́yà ò jẹ́ kó wà ní ẹnu lásán. Ó kọ iye tí a máa san lójúmọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé wọ́n á dá díẹ̀ dúró nínú owó tí wọ́n fi ra ilé náà lọ́wọ́ lọ́yà títí a ó fi kó jáde, àti iye tó máa bá wa lọ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi pẹ́. Ó kọ ẹni tó máa tún ẹ̀rọ omi gbígbóná ṣe bó bá bàjẹ́ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, àti íńṣọ́ránsì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní: tiwọn fún ilé, tiwa fún ẹrù. N kì bá tí rántí ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúró sínú ilé tó ti tà, kó má fi ojú rere olùrà ṣe ìwé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní a ti gbé owó sọnù, pé à bá dúró de ẹni tó máa san tó ti àkọ́kọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n owó tí a fi sílẹ̀ yẹn ra nǹkan fún wa, mo sì lè tọ́ka sí ohun tó rà.

Lọ́yà tún ṣe ohun kékeré kan tí mo dúpẹ́ rẹ̀ títí dòní. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kọ́kọ́ mú fún ìparí ọ̀rọ̀. Ó ní rárá, ó gbé e sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní bí owó bá há sáàárín báǹkì méjì lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù títí di ọjọ́ Ajé, ẹrù á sì ti wà nínú ọkọ̀.

Lọ́jọ́ tí ìwé di dandan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé lákọ̀tun. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo rí i. Ó kéré ju ti ìyá onílé ọjọ́ náà lọ, ọ̀dà yàrá kan ti ń ṣí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Bàbá onílé bi mí pé ìgbà wo. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méje, mo ní ọjọ́ kan lẹ́nu. Mo sọ ọ́, mo sì gbé fáìlì síwájú wọn. Wọ́n ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mi orí. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún ìwé àdéhùn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a lè jáde bí a bá fún wọn ní ìwífún oṣù méjì, torí a ò mọ ibi tí iṣẹ́ ọkọ mi máa gbé wa lọ. Wọ́n gbà.

Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan kí n tó buwọ́ lù ú. Mo mú màmá mi wá. Wọn ò bèèrè bí ilé ṣe tóbi tó tàbí bó ṣe lẹ́wà tó. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri ọ̀nà inú ilé, wọ́n rìn ín lọ, wọ́n rìn ín bọ̀, wọ́n bi mí pé apá ibo ni síwíìṣì wà. Wọ́n ní, “Ògiri yìí tutù, ó sì gún. Ẹ lọ tọwọ́ bọ̀wé.”

A ní ọjọ́ mẹ́wàá tí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fi wà nínú àpò mi. Ní ọjọ́ kejì a ya fọ́tò gbogbo igun ilé tuntun, títí kan ọ̀dà tó ń ṣí, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ iwájú. Bẹ́ẹ̀dì màmá mi la kọ́kọ́ kó. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń gbé wọn lọ síbẹ̀ fún wákàtí kan, wọ́n á máa rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀ nínú ilé òfìfo, lẹ́yìn náà mo máa ń gbé wọn padà lọ sùn sí ògiri tí wọ́n mọ̀.

Ní òru àkọ́kọ́ tí gbogbo wa sùn síbẹ̀, mo ṣí ojú sílẹ̀ nínú òkùnkùn láàárín àwọn páálí. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì wọn dún. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ní márùn-ún wọ́n dúró, mo ti ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní. Ẹẹ́fà. Eéje. Ẹẹ́jọ. Síwíìṣì ró, omi dún, omi dákẹ́. Wọ́n sì tún kà á padà bọ̀, láti orí oókan.